Ọ̀rọ̀ Méjì Tó Tan Iná Pupa

Fẹ́mkè kò tíì pe ọ̀rọ̀ náà parí tí iná pupa fi tàn lára ògiri.

"Wacht" ni ó fẹ́ sọ, ìyẹn "dúró" ní èdè Họ́láńdì. Omi tútù ló ṣàdédé dà sí i lẹ́sẹ̀, ẹ̀rù bà á, èdè ìyá rẹ̀ sì sáré jáde kí ó tó rí ti Yorùbá mú. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n Ẹ̀ṣọ́ ti gbọ́. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó wà lókè pátákó ìkọ̀wé. Kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ àjèjì tó lè kọjá lábẹ́ rẹ̀ kí ó má mọ̀. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ iná náà yí kúrò ní oókan, ó di eéjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí," ni Fẹ́mkè wí, ní Yorùbá báyìí. "Ó já bọ́ lẹ́nu mi ni."

"Mo mọ̀. Mú aṣọ ìnulẹ̀ wá." Mórọlákẹ́, olùkọ́ wọn, kò gbójú sókè wo nọ́ńbà náà, nítorí ó mọ̀ pé gbogbo kíláàsì ló ń wò ó. "Kí là ń sọ tí a bá fẹ́ kí ènìyàn dúró?"

"Dúró," ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fi ohùn kan dáhùn.

"Ẹyọ kan ló kù," ni ọkùnrin kan sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn. "Ẹni tó bá tan ẹ̀kẹta, inú ọkọ̀ ló ń padà sí, kò sì ní rí ìdánwò ṣe fún ọdún méjì."

"Ẹnikẹ́ni kò ní tan ẹ̀kẹta," ni Mórọlákẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Omi tó dà sílẹ̀ náà wá láti inú àpótí dígí tó wà lórí tábìlì láàárín kíláàsì. Àwọn alágbẹ̀dẹ orí odi òkun ló ṣe é. Ilẹ̀kùn irin kékeré kan pín in sí méjì, omi kún apá kan, apá kejì gbẹ, kẹ̀kẹ́ irin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn náà tàbí tì í. Bí ilẹ̀kùn omi gidi ṣe rí nìyẹn, àfi pé ní ti gidi, òkun ló wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ìlú Abẹ́odi ló sì wà níwájú rẹ̀.

Bàbá Yósì ló wà nídìí kẹ̀kẹ́ irin. Joost ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Yósì ló rọrùn fún ẹnu àwọn ará Abẹ́odi, òun náà sì ti gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Kí òkun tó gba ilẹ̀ wọn, iṣẹ́ ilẹ̀kùn omi ni ó ṣe fún ọgbọ̀n ọdún, bàbá rẹ̀ sì ṣe é ṣáájú rẹ̀. Ó lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin kí ó sọ bí omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe wúwo tó. Ìyàwó rẹ̀, Sáńnè, ti yege ìdánwò èdè lọ́dún tó kọjá, ó ti ń gbé nínú ìlú, ó ń dáná ní ilé ìwòsàn. Bàbá Yósì ṣì wà nínú ọkọ̀ ìdúró tó so mọ́ ẹ̀yìn odi, níbi tí àwọn tí kò tíì yege ń gbé. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń rí ara wọn, lórí afárá, fún wákàtí kan.

"Bàbá Yósì, ṣé ẹ ti ṣetán?"

"Mo ti ṣetán, Àǹtí."

Mórọlákẹ́ mí kanlẹ̀. Nídìí ilẹ̀kùn omi, kò sí àgbà, kò sí ọmọdé. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ fi "ẹ" síwájú ọ̀rọ̀, omi á ti wọlé kó tó parí rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń kọ́ àwọn àjèjì ní èdè àṣẹ yìí, síbẹ̀, bí ó bá fẹ́ pàṣẹ fún ẹni tó tó bàbá rẹ̀, orúnkún rẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì.

"Ṣí i," ni ó wí.

Bàbá Yósì yí kẹ̀kẹ́ sí ọ̀tún. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

"Máa ṣí i."

Ọkùnrin náà dúró. Ó wo ojú olùkọ́, ó wo omi, ó wá yí kẹ̀kẹ́ sí ọ̀tún díẹ̀ sí i bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

"Má ṣí i."

Ó fi gbogbo agbára yí i sí ọ̀tún. Omi ya bo tábìlì, ó dà sílẹ̀, ó dà sórí ìwé rẹ̀ tó wà lórí àga. Fẹ́mkè, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ tán, gbé ẹsẹ̀ sókè. Lọ́tẹ̀ yìí kò sọ nǹkan kan.

"Mo ṣì í," ni Bàbá Yósì wí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ọ̀rọ̀ kan náà ni, Àǹtí. Lónìí, bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́la, bẹ́ẹ̀ kọ́. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń mọ̀ ọ́n?"

Ìbéèrè tí òfin kò gbà kí olùkọ́ dáhùn gan-an nìyẹn. Ohun méjì ni wọ́n mú Mórọlákẹ́ búra lé lórí lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní káàdì olùkọ́. Ìkíní ni pé kò gbọdọ̀ fi èdè mìíràn kọ́ni. Ìkejì ni pé kò gbọdọ̀ ṣàlàyé gírámà: kò gbọdọ̀ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí tàbí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ sára pátákó. Etí ni kí wọ́n fi gbà á bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń gbà á. Nítorí náà, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé ìlànà, òun náà ló sì sọ.

"Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa, ẹ ó mọ̀ ọ́n."

Bí ó ti ń sọ ọ́ ni ojú ń tì í. Oṣù mẹ́ta ni ọkùnrin yìí ti ń tẹ́tí.

Fẹ́mkè fún aṣọ ìnulẹ̀ sínú báàkẹ́tì. "Àǹtí, ṣé òótọ́ ni pé Alàgbà Ọ̀gúnmẹ́fun fúnra wọn ló máa dán wa wò ní aago mẹ́rin?"

"Òótọ́ ni. Wọ́n ti wà ní ọ́fíìsì láti àárọ̀."

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn náà. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, kí Ọ̀gúnmẹ́fun tó di olórí gbogbo ilẹ̀kùn omi, òun ni ọ̀gá ní Ilẹ̀kùn Kẹta. Ọmọkùnrin àjèjì kan ló ń yí kẹ̀kẹ́, ògbufọ̀ etí wà ní etí rẹ̀, irú ẹ̀rọ kékeré tí gbogbo ènìyàn ń lò lọ́jà àti ní ilé ìwòsàn, tó ń gbọ́ èdè ẹlòmíràn tó sì ń sọ ọ́ ní tìrẹ. Ọ̀gá pàṣẹ, ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, omi sì gbé ènìyàn mẹ́tàlélógójì lọ ní àdúgbò Aláró. Láti ọjọ́ náà, ògbufọ̀ etí kò gun orí odi mọ́. Inú apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì ni gbogbo wọn ń bọ́ ọ sí lárààárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nídìí omi gbọ́dọ̀ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ Yorùbá.

"Ẹ lọ jẹun," ni Mórọlákẹ́ wí. "Ẹ padà ní aago méjì."

Gbogbo wọn jáde àfi Bàbá Yósì àti Fẹ́mkè, tó ń gbọ́n omi tó kù nílẹ̀. Mórọlákẹ́ mú ìwé Bàbá Yósì kúrò lórí àga kí ó lè sá a lójú fèrèsé, kí omi má baà bà á jẹ́. Kò ka ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kankan rí. Ẹ̀ṣọ́ kò ní ojú, òfin kò sì dé inú ìwé tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n wọn kì í yan ẹni tó gbọ́ èdè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sípò olùkọ́, òun náà kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ń yọjú wò ó.

Àwọn ewé ìwé náà ti lẹ̀ mọ́ra. Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ wọ́n.

Ó rí àwòrán ilẹ̀kùn omi tí ọfà tọ́ka sí ọ̀tún. Abẹ́ rẹ̀, Bàbá Yósì kọ *ma*. Ó rí àwòrán ilẹ̀kùn omi mìíràn tí a fi ìlà dábùú. Abẹ́ ìyẹn náà, ó kọ *ma*. Ó ti fa ìlà yí àwọn méjèèjì ká, ó sì kọ àmì ìbéèrè ńlá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé náà.

Mórọlákẹ́ wo ojú ewé náà pẹ́. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ náà han Bàbá Yósì lákọsílẹ̀ rí, nítorí náà bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Kì í ṣe pé kò mọ ìtumọ̀. Ọkùnrin náà rò pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.

Ó ṣí ewé kejì. Ibẹ̀ ni Bàbá Yósì kọ orúkọ nǹkan sí, tòun ti àwòrán. Ó ya ọkùnrin kan tó dé fìlà, ó kọ *man* sí i lábẹ́. Mórọlákẹ́ mọ ìyẹn, ó jọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá rẹ̀ àgbà máa ń sọ. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ya òṣùpá, ó sì kọ *maan*.

A kan. A méjì.

Ó ka ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kejì, láìla ẹnu. Bí àwọn ènìyàn yìí bá ń kọ a méjì nítorí pé wọ́n ń fà á gùn, tí ọkùnrin àti òṣùpá kò sì yàtọ̀ lẹ́nu wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, a jẹ́ pé etí Bàbá Yósì kò níṣòro kankan. Láti kékeré ló ti mọ ìyàtọ̀ náà. Kò kàn mọ̀ pé ó wà nínú Yorùbá ni, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un rí.

Ó gbójú sókè wo Ẹ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, òun kò sì lè sọ ẹyọ kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí òun sọ ọ́?

"Bàbá Yósì," ni ó wí. "Ẹ wá. Ẹ má sọ̀rọ̀ o. Ẹ kàn máa wo ìka mi."

Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn. Fẹ́mkè náà dìde láti ilẹ̀, aṣọ ìnulẹ̀ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

Mórọlákẹ́ gbé ìka lé ọkùnrin tó dé fìlà, lórí a kan ṣoṣo yẹn. "Má," ni ó wí. "Má ṣí i."

Ó gbé ìka lọ sórí òṣùpá, ó sì fi ìka náà fa ìlà lórí a méjèèjì bí ó ti ń sọ̀rọ̀. "Máa. Máa ṣí i."

Ó padà sórí ọkùnrin. "Má."

Ó lọ sórí òṣùpá. "Máa."

Bàbá Yósì kò mira. Ètè rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ láìsí ohùn. Ó wo ìka rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀, ó tún wo ìwé. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan ṣí lójú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn rí ẹni tó ti ń wá nínú èrò. Ó di orí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Man!" ni ó kígbe. "Maan! Man, maan!"

Iná pupa tàn. Nọ́ńbà di ẹẹ́ta, agogo kan dún lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn kíláàsì sì ti ara rẹ̀ pa.

Ẹ̀rín ṣì wà lójú Bàbá Yósì, kò tíì ráyè kúrò, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fà sẹ́yìn, ó sì jókòó sórí àga tútù náà.

"Èmi ni," ni ó wí. "Èmi nìkan. Àǹtí, ẹ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀."

"Bàbá—"

"Ẹ̀yin ń kọ́ àwọn yòókù. Èmi, mo ti mọ inú ọkọ̀. Ọdún méjì kò pẹ́."

Ilẹ̀kùn ṣí láti ìta. Alàgbà Ọ̀gúnmẹ́fun wọlé. Ọkùnrin gíga ni, irun rẹ̀ funfun, ó sì wọ bàtà rọ́bà àwọn òṣìṣẹ́ orí odi bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kúrò nídìí kẹ̀kẹ́ tipẹ́. Ó wo nọ́ńbà tó wà lókè pátákó, ó wo omi tó wà nílẹ̀, ó wá wo àwọn ènìyàn.

"Ẹ káàsán, sà," ni Mórọlákẹ́ wí, ó kúnlẹ̀.

"Káàsán, olùkọ́. Ta ló sọ ọ́?"

"Èmi," ni Bàbá Yósì wí.

"Mo gbọ́. Ohùn rẹ dé ọ́fíìsì." Ọ̀gúnmẹ́fun kò bínú, ìyẹn gan-an ló bani lẹ́rù. Ó yíjú sí Mórọlákẹ́. "O mọ bí òfin ṣe wí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ló yọ̀, òun ló máa padà sínú ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ lo mú un sọ ọ́, káàdì rẹ ni màá gbà, o kò sì ní wọ kíláàsì mọ́ ní Abẹ́odi. Nítorí náà mo bi ọ́. Ta ló mú un sọ ọ́?"

Bàbá Yósì ń mi orí sí i láti ẹ̀yìn ọkùnrin náà, díẹ̀díẹ̀, pé rárá.

Mórọlákẹ́ ronú nípa kíláàsì yìí. Ọdún mẹ́sàn-án. Ó lè lé ní igba ènìyàn tó ti ẹnu rẹ̀ gba "ẹ káàárọ̀" fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Bí ó bá dákẹ́, yóò padà wọ ibí lọ́jọ́ Ajé, kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nínú ìwé yẹn ń jó nínú rẹ̀. Bí ó bá purọ́, ó gbọ́dọ̀ sin ín nìyẹn, kó sì máa sọ fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀ pé kí wọ́n tẹ́tí sí i dáadáa.

"Èmi ni, sà," ni ó wí. "Mo fi ọ̀rọ̀ tiwọn hàn án nínú ìwé, mo sì fi kọ́ ọ ní tiwa. Òun kò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe."

Fẹ́mkè fi ọwọ́ bo ojú.

Ọ̀gúnmẹ́fun yíjú sí ìwé náà. "Ọ̀rọ̀ wo?"

"Má àti máa."

Ojú àgbàlagbà náà yí padà. Ó fa àga kan, ó jókòó wúwo. "O mọ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà?" ni ó bi í. "Wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ní, 'Má ṣí i.' Mo kígbe rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ògbufọ̀ etí sọ fún ọmọ yẹn pé kó máa ṣí i lọ. Mo ń wo ojú rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó rò pé mo ń yìn ín ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní kí nǹkan kan má dúró láàárín etí ẹni àti ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Kí ẹ̀rọ má dúró níbẹ̀, kí èdè mìíràn má dúró níbẹ̀. Ìwọ wá gbé èdè mìíràn padà sáàárín rẹ̀."

"Sà, kò sí láàárín," ni Mórọlákẹ́ wí. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. "Èdè tí a fi bí i ni etí tó ní. Kò ní òmíràn. Bí a bá ní kó jù ú síta kó tó wọlé, kí ló fẹ́ fi gbọ́ wa? Ẹ mú un lọ sídìí ilẹ̀kùn. Ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ gba káàdì mi. Bí ó bá ṣi ẹyọ kan, kí òun náà padà sínú ọkọ̀."

Ọ̀gúnmẹ́fun wo Bàbá Yósì. "Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀," ni Bàbá Yósì wí.

"Ṣé o gbà?"

"Mo gbà."

Ilẹ̀kùn Kẹta kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́. Àtẹ̀gùn irin méjìléláàádọ́ta ni wọ́n gùn. Nígbà tí wọ́n yọ lórí odi, afẹ́fẹ́ òkun gbá wọn lójú, omi sì ń ró lábẹ́ bí ẹ̀rọ ńlá. Ní apá kan, òkun ló lọ títí dé ibi tí ojú mọ, pẹ̀lú ọkọ̀ ìdúró tó ń mì sókè sódò lórí rẹ̀. Ní apá kejì, nísàlẹ̀, òrùlé àwọn ará Abẹ́odi ń dán nínú oòrùn, aṣọ wà lórí okùn, ẹnì kan sì ń fọ kẹ̀kẹ́ ológeere. Omi òkun fi ẹsẹ̀ bàtà márùndínlógún ga ju ẹni náà lọ.

Ọ̀gúnmẹ́fun ní kí òṣìṣẹ́ tó wà nídìí kẹ̀kẹ́ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí Bàbá Yósì bọ́ sí ipò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ lọ dúró lẹ́yìn ọkùnrin náà, níbi tí kò ti lè rí ojú rẹ̀.

"Mi ò ní pariwo," ni ó sọ fún Mórọlákẹ́. "Ẹni tó ń pariwo, ojú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹnu nìkan ni mo fẹ́ kí ó gbọ́."

Mórọlákẹ́ di ọwọ́ Fẹ́mkè mú. Kò mọ ìgbà tó dì í mú.

"Ṣí i," ni Ọ̀gúnmẹ́fun wí.

Bàbá Yósì yí kẹ̀kẹ́. Irin dún, ilẹ̀kùn ńlá gbéra díẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọ inú kòtò tó ń gbé e lọ sí adágún ẹja.

"Máa ṣí i."

Ó ń yí i lọ.

"Má ṣí i."

Ó dúró gbagidi.

Ọ̀gúnmẹ́fun kò fún wọn láyè láti yọ̀. "Tì í. Máa tì í. Má tì í. Ṣí i. Máa ṣí i. Máa ṣí i." Ọwọ́ Bàbá Yósì ń tẹ̀lé e bí ìgbà tí wọ́n so ó mọ́ ohùn náà. Omi inú kòtò ń ga. Ó sún mọ́ ìlà pupa tí wọ́n kùn sára ògiri kòtò, ìlà tí òṣìṣẹ́ kankan kì í fẹ́ kí omi dé.

"Máa ṣí i."

Mórọlákẹ́ rí i pé èjìká Bàbá Yósì le. Ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́ ló ń sọ fún un pé kó dúró. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, ojú rẹ̀ ni ì bá fi dáhùn, kì í ṣe etí. Ó ń yí i lọ. Omi kan ìlà pupa.

"Máa ṣí i," ni Ọ̀gúnmẹ́fun tún wí, pẹ̀lẹ́.

Ó ń yí i lọ. Omi bo ìlà náà ní ìwọ̀n ìka kan. Òṣìṣẹ́ tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ la ẹnu, ó sì pa á dé.

"Má ṣí i."

Ó dúró. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Ọ̀gúnmẹ́fun ní kó tì í, ó tì í, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Àṣẹ mẹ́tàlá nìyẹn. Ó ku ẹyọ kan. Ọ̀gúnmẹ́fun la ẹnu, ó sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìgbì ńlá kan lu odi lákòókò náà gan-an, afẹ́fẹ́ sì gba ìdajì ọ̀rọ̀ náà lọ. Mórọlákẹ́ fúnra rẹ̀ kò mọ èwo ni. Ó lè jẹ́ má, ó lè jẹ́ máa.

Ọwọ́ Bàbá Yósì wà lórí kẹ̀kẹ́. Kò yí i sí ọ̀tún, kò yí i sí òsì. Ó yí ọrùn díẹ̀.

"Mi ò gbọ́ ọ, bàbá," ni ó wí. "Tún un sọ."

Kò fi "ẹ" sí i. Nídìí omi, kò sí àgbà.

Ọ̀gúnmẹ́fun kò tún un sọ. Nígbà tó yíjú, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó sì fi etí agbádá nù ún láìfi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Ọmọ yẹn kò bi mí," ni ó wí. "Lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ ti sọ fún un pé ó gbọ́, kí ló tún fẹ́ bi mí fún?" Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Bàbá Yósì. "Ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ rẹ. Sọ fún ìyàwó rẹ pé kó wá mú ọ ní ìrọ̀lẹ́."

Bàbá Yósì gbé iwájú orí lé kẹ̀kẹ́ irin náà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Fẹ́mkè sáré lọ bá a.

Ọ̀gúnmẹ́fun rìn dé iwájú Mórọlákẹ́, ó sì na ọwọ́. Mórọlákẹ́ tú káàdì náà kúrò lára àyà aṣọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Kò wúwo. Ó yà á lẹ́nu pé kò wúwo.

"Òfin ni," ni ọkùnrin náà wí.

"Mo mọ̀, sà."

"Màá sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ. Èmi ni mo kọ òfin náà, kò rọrùn kí ènìyàn kó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ." Ó fi káàdì náà sápò. "Ènìyàn mẹ́rìndínlógún ló tún wà nínú ọkọ̀ yẹn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ níbí. Ta ni yóò kọ́ wọn?"

"Ẹ ti gba káàdì mi, sà."

"Káàdì yìí, ti kíláàsì ni. Ohun tí òfin dárúkọ ni kíláàsì, kò dárúkọ orí odi. Ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ nídìí ilẹ̀kùn mi, abẹ́ mi ló wà." Ó wo òkun. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ. Wọ bàtà tí omi kò lè wọ̀."

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ láìdúró de ìdáhùn. Mórọlákẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pàdánù kíláàsì rẹ̀ láàárín wákàtí kan, síbẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ ní ilé ìwé ló ṣe ń ṣe é. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún. Ó máa rí ìwé wọn. Ó máa bi wọ́n léèrè gbogbo ohun tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè fún ọdún mẹ́sàn-án.

Fẹ́mkè padà wá bá a, ojú rẹ̀ tutù fún ẹkún.

"Fẹ́mkè," ni Mórọlákẹ́ wí, ó sì fi ẹsẹ̀ lu ibi tí wọ́n dúró lé. "Kí lẹ ń pe èyí ní èdè yín? Odi tó ń dá omi dúró."

Ọmọbìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ń wá iná pupa. Afẹ́fẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. "Dijk," ni ó wí, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

"Díìkì," ni Mórọlákẹ́ wí.

Fẹ́mkè mi orí, ẹ̀rín sì ń bọ̀ lójú rẹ̀. "Rárá, Àǹtí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹnu mi, ẹ tún un pè."